Ìtumọ̀ Ń Bẹ Nínú Sámúẹ́lì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀, òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú ti ọmọdékùnrin kan. Olùkọ́ èdè Yorùbá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Táíwò sọ tirẹ̀, Babátúndé sọ tirẹ̀. Olúwagbẹ̀bẹ̀mi sì ròyìn bí ìyá òun ti wojú Olúwa pẹ́ tó kí ó tó bí òun. Nígbà tí ó kan ọmọ yìí, ó ní, “Sámúẹ́lì ni mo ń jẹ́, sà. Orúkọ Bíbélì ni, kò ní ìtumọ̀.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, ó dorí kodò.

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ́n, Sámúẹ́lì àti Dáníẹ́lì tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìtumọ̀ orúkọ wọn fún rí kò lóǹkà. Ó pa ìwé dé, ó sì ṣàlàyé.

Èdè Hébérù ni orúkọ náà ti wá. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní sọ pé Hánà, aya Ẹlikánà, yàgàn, Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ a sì máa mú un bínú. Ó gbàdúrà ní Ṣílò. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Élì àlùfáà fi rò pé ó mutí yó. Nígbà tí ó bímọ, ó pè é ní Sámúẹ́lì, nítorí pé ọwọ́ Olúwa ni ó ti tọrọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè kò fẹnu kò lórí ìtumọ̀ orúkọ yìí. “Shem” ni orúkọ, “El” ni Ọlọ́run. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ní “orúkọ Ọlọ́run” ni. Àwọn mìíràn ní “Ọlọ́run gbọ́” ni. Ọ̀rọ̀ títọrọ tí Hánà sọ tilẹ̀ bá orúkọ Sọ́ọ̀lù mu jù, nítorí “ẹni tí a tọrọ” ni ìtumọ̀ Sọ́ọ̀lù. Èyí ó wù kó jẹ́, odindi ọ̀rọ̀ ni àwọn Hébérù fi ń sọ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ṣe. Máíkẹ́lì ń béèrè pé, “Ta ni ó dà bí Ọlọ́run?” Ta ni kò rí i pé òun àti Tanítolúwa jọ ara wọn bí ìbejì?

Èdè Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí “El” fi di “ẹ́lì” lẹ́nu wa. Nínú “ẹ́lì” yìí ni Ọlọ́run fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá gé Sámúẹ́lì sí “Sámù” ti gé Ọlọ́run kúrò láìmọ̀.

Àjàyí Crowther náà jẹ́ Sámúẹ́lì. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, ni wọ́n fún un. Orúkọ àlejò ni. Síbẹ̀, kò ju Àjàyí nù. Orúkọ àmútọ̀runwá yìí, tí ó sọ pé ó dojú bolẹ̀ wáyé, wà lára rẹ̀ nígbà tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, àti títí ó fi kú ní 1891. Ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ méjì yẹ kí ó mọ ìdí méjèèjì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Òṣòdì ìdí tí ó fi ń jẹ́ Sámúẹ́lì. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọmọ méjì ni òun ti sin kí òun tó bí i, àti pé inú àdúrà ni òun ti dárúkọ náà kí oyún rẹ̀ tó dúró.

Nígbà tí kíláàsì Yorùbá tún pé, olùkọ́ kò tíì pe ẹnikẹ́ni tí Sámúẹ́lì fi dìde.