Àpò ORS Kan, Omi Lítà Kan

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe tíṣà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ló fà á.

Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ́nu, iṣẹ́ alẹ́ sì wà lọ́rùn mi. Mo gbé àpò ORS kan lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní JSS 3 lọ́wọ́, mo ní, "Pò ó mọ́ omi, kó o máa fún un mu díẹ̀díẹ̀." Mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, mo tọ́ omi náà wò, ó níyọ̀ jù. Àyà mi já. Àpò tó yẹ ká pò mọ́ omi lítà kan ló dà sínú ike omi 50cl. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò rẹ̀ kọ̀, kò mu ju ìwọ̀nba lọ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń ṣe ọmọ tí omi ti ń gbẹ lára rẹ̀ ní jàǹbá.

Mo ti lanu láti bú u kí n tó rántí pé èmi gan-an ni n kò sọ iye omi fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Àpò kan, ike kan ni mo rò pé ẹ ní." Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́ wọn ní réṣíò nílé ìwé o!

Mo bi í pé bí kọ́ọ̀pù ìrẹsì méjì bá gba kọ́ọ̀pù omi mẹ́ta, mélòó ni ìrẹsì mẹ́rin yóò gbà? Ó ní márùn-ún. Ó rí i pé omi fi ọ̀kan ju ìrẹsì lọ, ló bá fi ọ̀kan kún mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà nìyí. Réṣíò kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-fi-kún, ọ̀rọ̀ ìlọ́po ni. Mo to ìrẹsì méjì àti omi mẹ́ta sórí tábìlì, mo ní kó to irú rẹ̀ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wá kà á. Ìrẹsì mẹ́rin, omi mẹ́fà. Ó ní, "Háà!"

Láti ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé píọ́ wọ́tà 50cl méjì ni àpò ORS náà yóò gbà. Bí kò bá sí ORS ńkọ́? Ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, tí a rẹ́ lójú, ni à ń pò mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Mo ní bó bá jẹ́ lítà méjì ńkọ́? Ó ní ṣúgà méjìlá, iyọ̀ ṣíbí kan. Ó gbà á!

Nírọ̀lẹ́, ó mú iṣẹ́ àṣetiléwá lórí onígun mẹ́ta tó jọra wá. A gbé igi mítà kan nàró, òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Òjìji igi ìbẹ́pẹ wa jẹ́ mítà mẹ́sàn-án lákòókò kan náà. Oòrùn kan náà ló ń tàn sí méjèèjì, nítorí náà ìrísí wọn jọra, títóbi ló yàtọ̀, bíi fọ́tò pélébé àti èyí tí wọ́n sọ di ńlá. Òjìji ìbẹ́pẹ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ti igi wa, ìbẹ́pẹ náà á sì ga ní mítà mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó gùn ún.

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan nídìí àdògán. Bí ẹ bá fẹ́ fún aláìsàn ní ORS, ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sára àpò, kí ẹ sì da èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24 nù. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan mọ́, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ọsibítù lẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Èmi náà ti kọ́gbọ́n. N kì í sọ pé "pò ó mọ́ omi" mọ́, mo máa ń sọ iye rẹ̀.