Ìfẹ́ Tó Di Ìwé, Láti Paris Dé Siporex

Ẹni tó bá wọ gbaka láti Adjamé lọ sí Yopougon, ní Abidjan, yóò gba ẹ̀gbẹ́ igbó Banco kọjá kó tó gbọ́ tí kọ́ńdọ́ ń pariwo Siporex. Orúkọ bíríkì fúyẹ́ kan tí àwọn ará Sweden dá sílẹ̀ ni, àmọ́ oríta ńlá ló wá ń jẹ́ ẹ níhìn-ín: ọkọ̀, ọjà, àti òórùn ẹja díndín tí wọ́n fi ń jẹ attiéké. Àwọn Yorùbá, pàápàá ará Èjìgbò, ti pẹ́ ní Abidjan.

Nílùú náà, wọ́n a máa to ìwé àlòkù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. “Librairie par terre” ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni òbí tí owó rẹ̀ kò ká ìwé tuntun ń sá lọ bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Alfred de Musset wà lára àwọn tí àwọn ọmọ tó ń fi Faransé kàwé máa ń bá pàdé.

Ìtàn ọkùnrin yìí kò ṣeé sọ tán lójú ọmọdé. Wọ́n bí i ní Paris lọ́dún 1810. Ó mọ ewì kọ, ó sì mọ ọtí mu. Ní 1833, ìfẹ́ George Sand kó sí i lórí. Obìnrin ni Sand o, abiyamọ tó tún máa ń wọ ṣòkòtò ọkùnrin. Àwọn méjèèjì lọ sí Venice. Àìsàn dá Musset wó níbẹ̀, Sand sì yíjú sí Pagello, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Musset nìkan ló padà sílé.

Ó ro ẹjọ́ tirẹ̀ nínú ìwé kan ní 1836, kò sì dá ara rẹ̀ láre. Ó kú ní 1857. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Sand gbé Elle et Lui jáde. Kíá ni Paul, ẹ̀gbọ́n olóògbé, yí àkọlé náà padà, ó pe tirẹ̀ ní Lui et Elle. (Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ méjèèjì sí Yorùbá yóò làágùn, nítorí “òun” kan náà la ní fún takọtabo.) Louise Colet, tóun náà ti bá Musset ṣeré ìfẹ́ rí, tún kọ Lui. Òkú kò lè fèsì.

Yopougon náà ní ìwé ìfẹ́ àti àhesọ tirẹ̀: Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie yàwòrán rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2005.

Eré On ne badine pas avec l'amour ni Musset kọ nígbà tó ti Venice dé, ní 1834. Ó mú ọ̀rọ̀ látinú lẹ́tà Sand sínú rẹ̀. Ọmọ tálákà tí àwọn ọlọ́lá méjì fi ìfẹ́ ṣeré ló kú níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ná irú ìwé àlòkù bẹ́ẹ̀ kì í béèrè Pagello. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.