Nígbà Tí Gbàǹjo Jẹ́ Ìtìjú

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbọ́ lónìí pé àwòrán kan wọ gbàǹjo ní London, tí wọ́n sì fi owó tó lè kọ́ òpópónà kan tán rà á, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún yín. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà ọ̀rọ̀ yìí sì pọ̀ lọ́wọ́ mi. Láyé tiwa, kò sẹ́ni tó ń fi gbàǹjo yangàn. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí i san ni àwọn ìránṣẹ́ kóòtù ń wá bá nílé. Wọn á gbé bẹ́ẹ̀dì, wọn á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọn á gbé aago ara ògiri, wọn á kó gbogbo rẹ̀ síta gbangba, agogo á máa dún, àwọn aládùúgbò á sì máa dá owó lé e, wọ́n á máa gbójú sá kí onílé má baà mọ ẹni tó ra àga òun. Ìyàwó ilé á wà ní yàrá, yóò máa sunkún. Ìdílé tí agogo gbàǹjo bá dún níwájú ilé wọn, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún gbórí sókè ládùúgbò.

Abereke ni wọ́n bí mi sí, ní etí òkun àwa Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó igi lójú omi, tí ọmọdé ti ń wa ọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Òórùn ibẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi: èéfín igi ẹ̀gbà tí àwọn ìyá wa fi ń yan ẹja, edé tí wọ́n sá sórí ẹní, púpurù tó ń gbẹ lórí àjà ìdáná títí ara rẹ̀ fi dúdú, tí ẹ bá sì bó èèpo náà, funfun báláú ni inú rẹ̀. Ẹní tí wọ́n ń hun lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ẹ lè fi lé ọmọ lọ́wọ́ kó tún fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, ojú ọ̀sà ló ń gbà, yóò kọjá Ẹ̀pẹ́, yóò kọjá Ejìnrìn, kó tó gúnlẹ̀ sí Èbúté Èrò pẹ̀lú ẹja gbígbẹ nínú agbọ̀n. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n mú èmi náà gbà, nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè, wọ́n sì fà mí lé onífíréèmù kan lọ́wọ́ pé kí n kọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ tó gbayì niṣẹ́ fíréèmù nígbà náà. Fọ́tò ìgbéyàwó ló ń wọlé jù, lẹ́yìn náà àwòrán Jésù, lẹ́yìn náà kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ ọba sí. Ṣílè mélòó kan lèèyàn ń san, gíláàsì wà nínú ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù a máa rùn gúlù gbígbóná àti ìgékù pákó, tí a bá padà délé lálẹ́, òórùn náà á bá wa jẹun. Ibẹ̀ ni òyìnbó ará Holland kan tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Apápá ti gbé bébà pẹlẹbẹ kan wá lọ́jọ́ kan, tí kò tóbi ju ìwé ọmọ iléèwé lọ. Àwòrán odò ni. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì dúdú yà á, wọ́n sì fi àwọ̀ eérú tó ṣàn bí omi tẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀: ọkọ̀ kékeré kan, igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ létí omi, ahéré kan tó fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́, ojú ọ̀run sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú bébà náà. Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló wá ya abúlé wa?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìlú àwọn ni, pé ẹni tó yà á ti kú láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

Òun ló sọ fún mi nípa Jan van Goyen, tí wọ́n bí ní Leiden ní 1596, tó ń káàkiri etí odò pẹ̀lú ìwé àti ṣọ́ọ̀kì, tó ń ya ilẹ̀ pẹrẹsẹ, omi, àti ọkọ̀ àwọn apẹja. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ ló ya èyí tí a ń wò. Ó gbé bébà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní kí n wò ó. Mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, mo sì rí àmì ẹni tó ṣe bébà, èyí tí ojú kì í rí bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó tún fi òǹtẹ̀ kékeré kan hàn mí ní igun ìsàlẹ̀, ti ẹnìkan tó ti ni àwòrán náà rí. Ó ní irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé Frits Lugt, ará Holland bíi tirẹ̀, kó wọn jọ sínú odidi ìwé kan ní 1921, kí ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán lè mọ ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ló wá ki mí nílọ̀: n ò gbọ́dọ̀ gé etí bébà kó lè bá fíréèmù mu, n ò gbọ́dọ̀ fi gúlù lẹ̀ ẹ́, n ò sì gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọ̀. Ọ̀gá mi, tó ti gbé gúlù kaná, kàn ń wò wá ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn tí òyìnbó náà sọ ni pé inú gbèsè ni Van Goyen kú sí ní 1656. Ọdún yẹn gan-an ni gbèsè wọ Rembrandt lọ́rùn, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú gbogbo ayàwòrán wọn. Kóòtù kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé tó kún fún àwòrán ilẹ̀ àti igi tó fojú ara rẹ̀ rí wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1658, wọ́n kó àwọn bébà náà sí gbàǹjo. Ṣé ẹ rí i? Agogo tó ń dójú ti baba oníbaba lójúde ní Èkó, ó ti dún fún àwọn náà rí. Gbèsè ló gbé bébà wọn dé ọjà, ṣùgbọ́n ọjà náà ni kò jẹ́ kó ṣègbé, nítorí pé ẹni tó fowó ra nǹkan yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Nígbà tí ilé gbàǹjo Sotheby’s máa fi bẹ̀rẹ̀ ní 1744, tí Christie’s tẹ̀lé e ní 1766, ìtìjú ti ń kúrò lára gbàǹjo lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó.

Lọ́dọ̀ tiwa, ó pẹ́. A ní ayàwòrán o. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń fi ọ̀dà ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó kí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ṣe é. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń ta ìjọba òyìnbó lára nínú ìwé ìròyìn West African Pilot. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ irú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, fíréèmù ni oníbàárà máa ń náwó sí, kì í ṣe àwòrán. Mo rí ilé tí wọ́n ti fi bébà ayàwòrán di ihò fèrèsé.

Ọdún 2008 ni ilé gbàǹjo Arthouse Contemporary gbé gbàǹjo àwòrán àkọ́kọ́ wọn kalẹ̀ ní Èkó. Àwọn èèyàn wọ agbádá wá, wọ́n wọ gèlè wá, bí ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó. Ètò rẹ̀ rèé, kí ẹ mọ̀ ọ́n: ìwé kan á ti jáde ṣáájú, tó to àwòrán lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú iye tí wọ́n rò pé yóò pa. Olówó àwòrán á ti bá onígbàǹjo sọ iye kan ní bòńkẹ́lẹ́ pé bí owó kò bá débẹ̀, kí wọ́n má tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á na nọ́ńbà sókè, owó á máa gòkè títí ẹnikẹ́ni kò fi ní na ọwọ́ mọ́, òòlù á balẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó tà á yóò yọ owó onígbàǹjo, ẹni tó rà á náà yóò fi díẹ̀ lé e.

Ẹ sì gbọ́ nípa Tutu, àwòrán ọmọ-ọba Ifẹ̀ kan, Adetutu Ademiluyi, tí ayàwòrán wa Ben Enwonwu yà láàárín 1973 sí 1974. Mẹ́ta ni irú rẹ̀ tó yà, wọ́n sì wá wọn títí. Àfi bí ọ̀kan ṣe jáde nínú ilé kan ní London, lára ògiri! Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2018, ilé gbàǹjo Bonhams tà á ní mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba sí ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n rò pé yóò pa. Èkó náà ń wò ó bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́hùn-ún.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n dídùn náà kò kún. Àwọn ará Holland ya omi wọn nígbà tí omi ń bá wọn du ilẹ̀, bébà náà sì wà títí dòní. Òkun ń bá àwa náà du ilẹ̀. Ìlú Ayétòrò lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí ayé ń wá wò nígbà kan rí nítorí ìṣọ̀kan àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, kò sì yọ àwọn abúlé yòókù sílẹ̀. Ta ló jókòó ya ilé wa lórí òpó kó tó wó? Fọ́tò inú fóònù pọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n fóònù a máa jábọ́ sómi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún lọ́wọ́ àti ojú, ẹ lọ ya Abereke. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ yín àti orúkọ ibi tí ẹ yà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín bá sì fi àpótí ìwé sílẹ̀ fún, ẹ tú u wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó pe onípáànù wá kó o. Bí gbàǹjo yóò bá dé, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa pè é fúnra yín, kí ẹ sì ti mọ iye tí ẹ kò ní tà á.