Iṣẹ́, Ìṣẹ́, àti Iṣẹ́ Tí A Rán Wa

Ẹ̀yin ará wa nínú Òrìṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bọ Òrìṣà tipẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi kí yín yìí gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwa ti ń jó irin mọ́ irin nítòsí ojú omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Houston. Wẹ́dà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pe irú wa. Ògún ló ni orí wa, òun náà ló ni iṣẹ́ tí a ń ṣe. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé atúmọ̀ èdè kọ́ ara wa ní Yorùbá, ìkíni yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí a gbé lọ síbi iṣẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ nígbà náà, ará Abẹ́òkúta, ó jù wá lọ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a tẹríba fún un, a ní, "Bàbá, ẹ kú ìṣẹ́ o!"

Bàbá ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó wò wá títí, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo tòṣì?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fi ohùn kọ́ wa. Re, mí: iṣẹ́ nìyẹn, èyí tí à ń ṣe. Dò, mí: ìṣẹ́ nìyẹn, èyí tó ń ṣẹ́ni. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ wọ́n, àmì kékeré kan lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló yà wọ́n. Àwa náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. A kò mọ̀ pé àṣìṣe yìí kan náà ń bọ̀ wá bá wa níwájú ojúbọ, níbi tí ẹ̀rín kò ní sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní ibi tí a dàgbà sí, èèyàn lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ ohunkóhun. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀, ẹni tó ń kọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ló tọ́ sí gbogbo wọn. Àwọn iṣẹ́ kan tilẹ̀ ní ìkíni tiwọn. A máa ń kí àgbẹ̀ pé àroko bọ́dún dé. A máa ń kí aláró pé àrẹ̀dú. Bí ẹ bá wọ ilé onídìrí ní òpópónà Bissonnet níbí, tí ẹ bá kí obìnrin tó ń dirí pé, "Ojú gbooro o," ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ yóò là. Yóò dá yín lóhùn pé, "Òòyà á yà o." A ti dán an wò.

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ kan yìí ń dé. Iṣẹ́ ọwọ́ wà, iṣẹ́ ọnà wà. Iṣẹ́ àmúrelé ni èyí tí olùkọ́ fún ọmọ kó gbé lọ sílé. Bí òṣìṣẹ́ bá bínú, tó kọ̀yìn sí iṣẹ́, ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, a ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá lé e, a ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ya àwa lẹ́nu pé Yorùbá fi ẹnu àti ọwọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, nítorí ẹnu àti ọwọ́ náà la fi ń sin Òrìṣà.

Iṣẹ́ abẹ náà wà, tí dókítà ń fi ọ̀bẹ ṣe. Ìlú wa mọ̀ nípa èyí. Ní Houston níbí, ní oṣù kẹrin ọdún 1969, ni dókítà Denton Cooley ti gbé ọkàn àtọwọ́dá sí àyà èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ni ọ̀bẹ, yóò mọ Òrìṣà tó yẹ kó kí kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan wà tí ìwé atúmọ̀ èdè wa kọ sílẹ̀ tí a kò kà dáadáa. Ìyá àgbà kan wà tó ń ta oúnjẹ ní apá ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Òun ló ń tún ẹnu wa ṣe, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan ó pè wá lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, yà sọ́dọ̀ mi lọ́la, mo fẹ́ rán ọ níṣẹ́ kan." Iṣẹ́ nìkan ni etí wa mú. A rò pé ilẹ̀kùn irin rẹ̀ ló já. A kó gbogbo irinṣẹ́ wa sẹ́yìn ọkọ̀, a gbé gáàsì, a lọ. Màmá wo ẹrù wa, ó pàtẹ́wọ́. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí a sọ fún obìnrin kan ládùúgbò wa pé kó wá gba aṣọ ẹbí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé iṣẹ́ tí à ń ṣe àti iṣẹ́ tí à ń jẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu Yorùbá, ohùn wọn kò yàtọ̀. Ẹni tí a rán ni ìránṣẹ́. Ẹni tó lọ jẹ́ ẹ ni òjíṣẹ́. Mùsùlùmí tó ń sọ Yorùbá ń pe Muhammad ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Onígbàgbọ́ ń pe iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀ ní iṣẹ́ ìránṣẹ́. Àwa náà ní Èṣù, tó ń gbé ẹbọ lọ, tó sì ń mú èsì bọ̀. Bí oògùn bá ṣe ohun tí a ní kó ṣe, a ní oògùn náà jẹ́. Bí a bá pe èèyàn tó dáhùn, a ní ó jẹ́ ìpè. Nínú etí tiwa, gbogbo rẹ̀ ń jọ ara wọn: iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni, ẹnì kan ló rán ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ibi tí ẹnu wa ti wá, kí ẹ lè mọ ìdí tó fi ń ṣì. Ìyá ìyá wa gbé ní Third Ward níbí. Kò mọ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ṣe ẹnì kan lọ́nà tí kò yé wọn, á ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ sí i lára. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ ló ń lò, gbòǹgbò àti ewé ló sì ń bá wí. Ilé Lùkùmí la ti ṣe Òrìṣà, láti Kúbà ni ìran ilé náà ti wá. Níbẹ̀, trabajo ni wọ́n ń pe ètùtù àti ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó wá bá wa. Trabajo kan náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí. Bí ará Kúbà bá sì ní òun ń pasar trabajo, kì í ṣe pé ó ríṣẹ́. Ìyà ló ń jẹ ẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí a ronú. Nínú ilé wa, iché ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Lydia Cabrera tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Lùkùmí jáde ní Havana ní ọdún 1957, Anagó lorúkọ ìwé náà, lẹ́tà èdè Sípáníìṣì ló sì fi kọ wọ́n. Re àti dò kò sí nínú kíkọ bẹ́ẹ̀. Etí ẹni tó bá gbọ́ iché kò lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni tàbí ìṣẹ́. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Kúbà, ẹrú ni wọ́n lóko ìrèké, títí di ọdún 1886 tí ìfiniṣẹrú tán níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tí kò ní kọ́bọ̀, báwo ni yóò ṣe ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́? Lójú tiwọn, ohun kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ló rí níbí náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865, Ọ̀gágun Gordon Granger kéde ní Galveston, létí òkun nítòsí wa, pé gbogbo ẹrú Texas ti dòmìnira. Ìkéde kan náà ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gba owó, pé ìjọba kò ní bọ́ ẹni tó bá jókòó lásán. Lórí ìkéde yẹn, olówó ẹrú di ọ̀gá, ẹrú di òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1872 àwọn tó ti jẹ́ ẹrú dá owó jọ, wọ́n ra éékà ilẹ̀ mẹ́wàá ní Houston kí wọ́n lè máa ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn níbẹ̀. Jack Yates wà lára àwọn aṣáájú wọn. Emancipation Park ni ilẹ̀ náà títí dòní. Nígbàkigbà tí a bá tẹ ilẹ̀ yẹn, a máa ń rò pé ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya iṣẹ́ kúrò lára ìṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ewì J. F. Ọdúnjọ tó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kojú ara wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwa ti lé ní ogójì ọdún kí a tó gbọ́ ọ.

Nísinsìnyí, àṣìṣe wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, iye owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ lọ́jà Amẹ́ríkà, ó kọjá òdo lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Houston mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ọmọ kan nínú ilé Òrìṣà wa wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ méjì. Nígbà tó rí iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, ó wá kí a bá òun bẹ Ògún pé kí èyí má tún bọ́. A kó ara jọ sẹ́yìn ilé, a ò ju márùn-ún lọ. Màmá tó ń kọ́ wa jókòó jìnnà, aṣọ bo imú àti ẹnu rẹ̀. A fi omi tútù sílẹ̀, a fi obì sílẹ̀, a sì fi gbogbo ọkàn wa ké pé, "Ògún, má jẹ́ kí ìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ yìí!" Ẹ̀ẹ̀mẹta la wí i. Gbogbo ilé ní àṣẹ.

Obì kò yàn lọ́jọ́ náà. Màmá dúró títí àwọn yòókù fi lọ, ó ní, "Ọmọ mi, tún àdúrà yẹn wí." A tún un wí. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ìṣẹ́ lo ní kí Ògún má gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

A wá àwíjàre. A ní, "Màmá, ṣebí Ògún mọ inú wa?"

Ó ní, "Ògún mọ inú rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rán ọ níṣẹ́, ṣé inú ni wàá fi jẹ́ ẹ, àbí ẹnu?"

A kò rí èsì fọ̀. A padà síwájú Ògún, a kúnlẹ̀, a fi Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá wa bí wa sí jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. Lẹ́yìn náà ni a tún àdúrà náà gbà, Màmá ń fọwọ́ ju re àti mí fún wa. A tún obì dà, obì yàn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé a kò sọ fún ọmọ náà. Ojú ń tì wá. Iṣẹ́ kékeré ọwọ́ rẹ̀ tún lọ, oṣù ń gorí oṣù, bí ó bá sì pè wá lórí fóònù, àyà wa á já. Oṣù méje kọjá kí a tó pè é jókòó, kí a tó sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, epo ló lé mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti sọ fún mi, à bá ti jọ bẹ̀ ẹ́." Ó ní kí a kọ́ òun náà bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwa méjèèjì dúró níwájú Ògún, bàbá àti ọmọ, à ń pe re, mí, re, mí, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọdún yí, ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. A kò sọ pé ohùn wa ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tí a ń sọ ni pé a rán wa níṣẹ́, a ṣì í jẹ́, a sì pẹ́ kí a tó jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè yìí bíi tiwa, ẹ má torí ìtàn wa fi Yorùbá sílẹ̀ níwájú Òrìṣà. Ẹ sọ ohun tó wà nínú yín lédè tí ẹ gbọ́ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá máa fi tọrọ nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́ èdè náà. Bí ẹ bá ṣì í wí, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ tọrọ fún, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí Ògún má jẹ́ kí iṣẹ́ wa di ìṣẹ́. Kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ tí a rán wa wá sáyé, kí a jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán wa. Àṣẹ.