Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Jókòó ti Àwọn Onílù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ sísè, kì í sì í ṣe ti aṣọ rírán. Ọ̀rọ̀ ìlù àti orin ni, àti irú ẹni tí ó yẹ kí ọmọ jókòó tì nígbà tí ó bá ń kọ́ wọn. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ń wá nídìí ìlù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá sọ ọ́ síwájú, ẹ ó rí i pé ọwọ́ àwa ìyá ni apá tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní Òmùpo, ìlú ọkọ mi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí ẹ bá dé ibi ìnáwó tí àwọn onílù dùndún ti ń lù, ẹni tí ó gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká ni ojú yín yóò kọ́kọ́ bà lé. Ìlù rẹ̀ tóbi, ṣaworo yí etí rẹ̀ ká, òun ni ó ń kí ènìyàn, tí ó ń pa òwe, tí ó ń pe àwọn baba ńlá ẹni lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ojú gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí ìṣáájú àti kẹ̀rìkẹ̀rì. Ẹ ó rí gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí a ń gbé kọ́ ọrùn, tí a ń fi awọ méjì lù. Kì í ṣọ̀wọ́n kí ẹ bá ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 12 nídìí ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké wọ̀nyí, láàárín àwọn tí ó bí bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ náà kò gùn. Gbólóhùn kan náà ni ó ń lù tí ó tún ń lù. Síbẹ̀, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Bí àwọn ìlù kéékèèké bá dákẹ́ lójijì, ọ̀rọ̀ ìyá ìlù kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé, oníjó á sì dúró gbagidi. Nítorí náà, ohun tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kéré, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òótọ́. Gbogbo agbo nílò rẹ̀. Bí ó bá ṣì í lù, kò sí ẹni tí yóò dá ìlù dúró láti nà án. Ọ̀gá yóò wò ó lójú, tàbí kí ẹni tí ó dúró tì í lu tirẹ̀ kí ó le díẹ̀ sí i, ọmọ á sì padà sójú ọ̀nà. Báyìí ni àwọn ọmọ ìdílé Àyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́. A kò tì wọ́n mọ́ yàrá títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n tán kí wọ́n tó bá àgbà ṣe. Àárín àgbà ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni a mọ ọgbọ́n yìí. Láti ọdún 1914 títí di 1962 ni T. K. E. Phillips fi ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó, tí ó sì ń darí àwọn akọrin ibẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà nínú àwọn akọrin náà tí ń jẹ́ Fẹlá Ṣówándé. Ó jókòó ti ọ̀gá náà, ó kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1944, ó ti kọ iṣẹ́ orin tí a ń pè ní African Suite. Irú ẹgbẹ́ olórin tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọ̀kẹ́sítírà ni ó kọ ọ́ fún, èyí tí àwọn oní-fáyólìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń jókòó sí lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ẹnìkan yóò sì dúró níwájú wọn láti darí wọn.

Ní ọdún 2015, obìnrin kan tí ń jẹ́ Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí ìyá rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Ireland, dá ọ̀kẹ́sítírà kan sílẹ̀ ní London tí ó pè ní Chineke!, kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a kì í sábà rí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè rí àyè. Kò fi mọ sí orí àwọn tí ó fi orin jẹun nìkan. Ó dá ti àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 11, àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ni ó sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Ní ọdún 2021, nígbà àjọ̀dún orin ńlá tí a ń pè ní Proms ní London, Chineke! lo orin láti inú African Suite ti Ṣówándé. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó láti orí ìjókòó akọrin kékeré ní Èkó.

Nílé níbí, ẹgbẹ́ MUSON tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1983 ṣí ilé ẹ̀kọ́ orin ní ọdún 1989, wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn wọn ní Oníkan ní ọdún 1995. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ fáyólìn, fèrè àti dùùrù lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi orin ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Ṣáájú wọn ni Dúró Ládípọ̀ ti wà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ katikíìsì. Ní ọdún 1961, ó kó ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin Àjíǹde tí ó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, àwọn àgbà ìjọ sì bínú. Kò jáwọ́. Ó kó àwọn òṣèré rẹ̀ mọ́ àwọn onílù tí ó gbówọ́, wọ́n jọ ṣiṣẹ́, eré Ọba Kò So sì jáde ní ọdún 1963. Ní ọdún 1964, wọ́n gbé e dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, ni ó ṣe Ọya nínú eré náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò: "Ti London àti ti Èkó dára, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kọ́ ni yóò máa lu ìlù kiri." N kò lè bá yín jà, nítorí pé a ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé tiwa.

Obìnrin ni àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 11 ni. Nígbà ìsinmi gígùn kan tí a lò ní Òmùpo, ìlù kì í dún kí ó jókòó sílé. Yóò lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ onílù, yóò máa fi ìka lu itan rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ bá wọn lù. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìyá ọkọ mi pè mí, ó ní, "Ìyàwó, ọmọ tí ẹ̀yin méjèèjì ń náwó lé lórí ní ilé ìwé, ṣé ẹnu ọ̀nà ilé olówó ni ẹ fẹ́ kó máa dúró sí pẹ̀lú ìlù? Bó bá ṣe ọkùnrin, ǹ bá dákẹ́. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ?"

Mo kúnlẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òde ìnáwó máa ń pẹ́ sí òru, ọtí ń bẹ níbẹ̀, owó tí a ń ná fún onílù sì lè tètè wọ ọmọdé lójú. Ọkọ mi ní tirẹ̀ wí pé bí ìwé ọmọ náà kò bá ti rẹ̀yìn, òun kò ní ohun tí òun yóò wí sí i. A wá fi ìpinnu sí i: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ọkọ mi obìnrin yóò máa bá a lọ, yóò sì máa bá a bọ̀, kò ní tẹ̀lé onílù lọ sí òde kankan tí àwa òbí rẹ̀ kò sí.

A mú un lọ sí ilé àgbà onílù kan. Mo rò pé yóò gbé ìlù lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé, "Kí ni oríkì ilé yín?" Ọmọ wo ojú mi. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹnu ni ó kọ́kọ́ ń lu ìlù kí ọwọ́ tó lù ú. Lọ kọ́ oríkì ilé bàbá rẹ. Bí o bá lè kì í délẹ̀, padà wá."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ìlù dùndún kò ní ẹnu tí yóò fi pe lẹ́tà. Ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí ohùn ìparí ti ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni a fi mọ̀ bóyá ẹni tí ó fẹ́ wa ni à ń wí, tàbí irin iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí ohun tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Bí onílù bá fi apá fún okùn awọ tí ó wà lára ìlù, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ lè mọ bí a ti ń lu awọ, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ìlù ń wí.

Ta ni ó mọ oríkì ilé náà dé ìdí? Ìyá ọkọ mi ni. Ọmọ lọ bá a lórí ẹní ní alẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ kọ́ mi." Ìyá kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n lò. Nígbà tí ọmọ padà lọ, àgbà onílù náà mú ìyá ìlù, ó lu ìlà kan láì sọ̀rọ̀. Ọmọ fò sókè, ó ní, "Baba, ilé wa ni ẹ ń kì yẹn!" Ọjọ́ náà ni wọ́n tó fún un ní ìlù kékeré kan, wọ́n sì fi í sáàárín ọmọkùnrin méjì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń lù. Kí a tó kúrò ní Òmùpo, ó bá wọn lu ìlù níbi ìsọmọlórúkọ kan ní agbo ilé wa, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ẹbí. Ìyá ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó lọ sí òde òru, n óò gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá, èmi náà á tì yín lẹ́yìn."

Bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá fẹ́ jókòó ti àwọn onílù tàbí àwọn olórin, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìmọ̀ràn mélòó kan.

Èkíní, ẹ lọ jókòó níbẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù ni ó mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ṣì í. Èyí tí ó ń bú ọmọ lójú àwùjọ kò yẹ ní ẹni tí à ń fà ọmọ lé lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún ọmọ yín ní ìyá ìlù tàbí orin àdákọ kíákíá. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ kékeré tí ó wúlò. Mo ń rí èyí nídìí iṣẹ́ tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ kí ó rẹ́ ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé yóò jẹ, tí ó sì ro ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n ní iyàrá ìdáná ilé ẹ̀kọ́ wa. Èyí tí wọ́n ní kí ó dúró lókèèrè kí ó máa wòran, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó ti mú un.

Ẹ̀kẹta, ẹ san owó iṣẹ́. Ìlù ni oúnjẹ àgbà onílù. Bí ẹ bá ń sanwó fún ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní dùùrù, kí ni ìdí tí ẹ ó fi rò pé ọ̀fẹ́ ni ti dùndún? Ẹ béèrè ohun tí ó ń gbà, kí ẹ sì fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣètò àkókò, kí ẹ sì mọ ibi tí ọmọ wà ní wákàtí gbogbo. Ìwé kíkà àti oorun kò gbọdọ̀ ti ìdí ìlù bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí a kò lè fi owó rà. Ẹ máa sọ Yorùbá fún ọmọ yín nílé. Ẹ máa kì í ní òwúrọ̀ nígbà tí ó bá kúnlẹ̀ kí yín. Bí ẹ kò bá mọ oríkì náà tán, ìyá ọkọ yín tàbí ìyá yín mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní sá lọ. Ilé ìwé ń kọ́ wọn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ti dàgbà, ẹ má ṣe rò pé ó ti bọ́. Ẹgbẹ́ akọrin wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ onígbà àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin ìlú. Ẹ wá àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gba iṣẹ́ kékeré tí ó bá fún yín. Bí ọkọ yín bá béèrè ibi tí ẹ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí òun náà wá gbọ́.