Kí Pápá Tó Gbẹ: Láti Olókèméjì Dé Ìgàngàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí Ìgàngàn múra sílẹ̀ de ọyẹ́, kó kọ́kọ́ yà sí Olókèméjì. Ibẹ̀ ni mo ti mú ìrìnàjò tèmi bẹ̀rẹ̀, nínú igbó ọba tí ìjọba amúnisìn pààlà rẹ̀ ní ọdún 1899 láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n ń sun ìkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí, wọn ò sì jẹ́ kí iná kan ìkẹta rárá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọdún 28, ìkẹta ti ń di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń sun kẹ́yìn ti di pápá, àfi igi tó lè fara da iná. Igi pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti ń tètè sun ún. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Àkókò tí iná wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀.

Bí ọ̀nà ṣe gba Èrúwà bọ́ sí Ìgbó-Ọrà, tó ré kọjá Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Tápà, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń dín, tí pápá ń gbilẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gbéra. Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀tá àwọn ìlú Ìbàràpá wọ̀nyí o. Òun ló ń bá wọn gbẹ ẹ̀gúsí, àti láfún tó funfun lórí àpáta bíi yìnyín ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ láfún náà ló ń gbẹ koríko. Koríko eruwà ẹ̀bá ọ̀nà Ìgàngàn ga ju èèyàn lọ. Orí rẹ̀ ti pọ́n, ó ń rún mọ́ni lọ́wọ́, àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Bí iná bá ràn án báyìí, yóò rọra jó, yóò sì kú sí etí odò tàbí ojú ọ̀nà oko. Tó bá di oṣù Kẹta, kò ní sí omi kankan lára rẹ̀ mọ́. Iná ìgbà náà ló ń fo títì, tó ń wọ oko kajú àti pákí, tó ń jó igi igbá àti igi emi.

Láwọn ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n ti máa ń kó iyọ̀ tí wọn yóò dà sí títì pamọ́ kí òtútù tó mú. Irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún Ìgàngàn: kí ìlú jọ dá ọjọ́ kan ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn sun etí oko àti ẹ̀yìn ilé. Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ìkẹta Olókèméjì ló dára jù, kí ló dé tí a ò kúkú fòfin de iná? Igbó ọba ní ẹ̀ṣọ́. Pápá Ìgàngàn kò ní. Ọdẹ ń fi iná lé ọ̀yà, darandaran ń sun pápá kí koríko tuntun lè yọ, ẹlẹ́mu ń gbé iná wọ oko. Koríko ọdún méjì tí kò jó rí, tí irú iná bẹ́ẹ̀ wá bá, àjálù ni. Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti àgbẹ̀ tí pákí rẹ̀ ṣì wà lóko. Òótọ́ ló wí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a ṣe: àwọn aládùúgbò ni yóò bá a ro etí oko náà mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.

Àwọn kan yóò ní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran kò ṣeé ṣe mọ́, pàápàá lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa èèyàn ní Ìgàngàn, tí wọ́n sì dáná sun ààfin. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná, n ò sì ní fojú di í. Síbẹ̀, Ìbàràpá yìí kan náà ni sòbìà ti dà láàmú, Ìdèrè pàápàá. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Sísẹ́ omi, omi ẹ̀rọ, àti kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má wọ odò mọ́, ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀; ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Bí ìdílé kan bá kọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń jìyà rẹ̀, bó ṣe rí pẹ̀lú iná nìyẹn. Nítorí náà, oṣù Kọkànlá ni kí àwọn baálẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn ìyá aláfún àti àwọn darandaran tó ṣì ń gbé àdúgbò náà ti jókòó, kí olúkúlùkù sọ oko tí kò tíì kó kí wọ́n tó mú ọjọ́.