Akoto Ọlọ́kadà: Èwo Ni Kí N Rà?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti náháwù, kì í sì í ṣe ti ogún pínpín. Ọ̀rọ̀ orí ni, orí tí à ń gbé sórí alùpùpù kiri yìí.

Ilé-kéwú méjì ni mo ti ń kọ́ni, ọ̀kan ní Ore níhìn-ín, ọ̀kan ní Odigbo lójú ọ̀nà Ondo. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun alùpùpù láàárín méjèèjì. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odigbo, ẹ̀yìn mi ló sì máa ń jókòó sí láràárọ̀. Ẹni tó bá mọ Ore mọ irú ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá: ọkọ̀ Èkó, ọkọ̀ Benin, táńkà epo, ọkọ̀ tó kó gẹdú. Àwa ọlọ́kadà sì ń sá láàárín wọn bí ọmọ adìyẹ láàárín màlúù.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, a kó sínú ihò kan tí omi bò mọ́lẹ̀. Eré wa kò pọ̀ rárá. Mo wé láwànì, mo gbé akoto lé e lórí, n kò sì de okùn rẹ̀ nítorí pé láwànì kò jẹ́ kó wọlé dáadáa. Kí n tó kanlẹ̀, akoto ti fò lọ. Mo ń wò ó bó ṣe ń yí lọ níwájú mi bí igbá. Ní ti ọmọ mi, híjáàbù nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ọlọ́hun ló kó wa yọ: èmi fi apá bó, orí tirẹ̀ sì bá koríko dípò ọ̀dà. Nígbà tó di alẹ́, ìyá rẹ̀ bi mí pé, “Ààfáà, akoto tí ẹ rà yẹn, orí yín lẹ rà á fún ni, àbí Ẹ̀ṣọ́ Ojúpópó?”

N kò rí èsì fọ̀. Ẹ ó rántí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojúpópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ìkòkò ọ̀dà. Àwọn èrò ń bẹ̀rù pé ọlọ́kadà lè ti fi oògùn sínú tirẹ̀, kí èèyàn dé e kó di àwátì. Láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra akoto nítorí owó ìtanràn.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá ti mọ orúkọ T. E. Lawrence tipẹ́, òyìnbó tó bá àwọn Lárúbáwá jagun ta ko Tọ́kì nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ohun tí n kò mọ̀ títí mo fi ṣubú ni pé alùpùpù ló pa á, ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, kò sì dé akoto. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò kó tó kú. Dókítà kan tó wà níbi ìtọ́jú rẹ̀, Hugh Cairns, kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Ó wádìí ikú àwọn sójà tó ń gun alùpùpù, ó kọ ọ́ jáde ní 1941, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti di dandan fún irú àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ láti dé akoto. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ púpọ̀, tó jáde ní 2008, sọ pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé bí ọjọ́ bá ti pé kò sí akoto tó lè gbà á, ṣebí ẹ̀yin náà ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́.

Mo wá lọ sí ọjà. Oríṣi mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Èkíní ni ike lásán, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń dé. Wọ́n ṣe ìyẹn nítorí òkúta tó lè já bọ́ láti òkè, kì í ṣe nítorí ẹni tó máa fi ẹ̀gbẹ́ orí gbá ilẹ̀. Irú tèmi àtijọ́ nìyẹn. Èkejì bo etí àti ìpàkọ́, ó ṣí ojú sílẹ̀. Ẹ̀kẹta bo gbogbo rẹ̀ títí dé àgbọ̀n.

Inú akoto ni kí ẹ wò, ẹ má wo dídán ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù funfun líle kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifísọ̀n mọ́ inú páálí. Òun ló ń fọ́ kí agbárí má baà fọ́, bó bá sì ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sípò. Ìdí nìyí tí n kò fi gba tòkunbọ̀ tí òǹtajà ń fi lọ̀ mí. Ta ló mọ ibi tó ti bá ẹlòmíràn ṣubú? Mo wo okùn rẹ̀, mo rí àmì E tó wà nínú òbìrípo pẹ̀lú nọ́ńbà 22.05. Mo dé e, mo de okùn, mo mi orí. Awọ iwájú orí mi bá a lọ, akoto kò dá yí.

Owó ẹyọ kan tó bo àgbọ̀n tó owó méjì tó ṣí ojú sílẹ̀. Ọmọ mi ní, “Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ wà níwájú, ẹ gba èyí tó pé, kí n gba èyíkéyìí.” Mo rò ó títí. Ohun tó bá bá ojú yóò bá imú ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ẹnu ló ká mi lára jù. Ẹnu ni àwa méjèèjì fi ń jẹun: èmi fi ń ké àlífù-bá, òun fi ń ka A-B-D. Bí àgbọ̀n bá fọ́, kí la ó fi kọ́ni? Mo mú owó tí mo ti tọ́jú fún páànù ilé ìdáná, mo ra méjì tó bo àgbọ̀n.

Ooru inú rẹ̀ kò kéré, n kò ní purọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní 1976 pé kò di dandan fún àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tó wé láwànì láti dé akoto. Mo bọ̀wọ̀ fún tiwọn. Láwànì tèmi ṣe é ká sínú àpò. Ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú ni mo ti ń wé e báyìí, àwọn ọmọ a sì máa du akoto bá mi gbé. Híjáàbù fẹ́lẹ́ kan ni ọmọ mi ń lò lábẹ́ tirẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀; èyí tó gbòòrò wà nínú báàgì títí yóò fi dé.

Òjò ṣì ń jò sí ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ti gbé ààrò sí igun kejì, kò sì tíì sọ nǹkan kan nípa páànù.